Bí Òjò Bá Há Wa Mọ́lé ní Jos: Iṣẹ́ àti Eré fún Àwọn Ọmọ àti Ajá Wa

Ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn àwọn ọmọ ilé-ìwé kò ní pẹ́ dé, àwọn ọmọ sì ti ń béèrè pé, "Níbo là ń lọ?" Gbogbo wa la mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìsinmi ni ìdílé tó ń gbé ní Kánò, Kàdúná tàbí Sáríà lè kó ọmọ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà tàbí Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀nà jìn, owó ọkọ̀ sì wọ́n. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe máa ń gbójú lé Jos, níbi tí a ti ní ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ará ìlú ẹni, àwọn tí bàbá wọn bá rélùwéè àti iṣẹ́ kùsà dé ibẹ̀ láyé ọjọ́un.

Jos kì í ṣe ìlú pẹ̀tẹ́lẹ̀. Orí òkè ló wà, ó sì fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 4,000, èyí tí í ṣe 1,200 mítà, ga ju òkun lọ. Àwọn òkè Shere tó wà nítòsí rẹ̀ tún ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n tó ẹsẹ̀ bàtà 6,000. Oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, ìgbà tí àwọn ọmọ wà nílé gan-an, ni òjò ibẹ̀ máa ń pọ̀ jù. Òjò lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán kí ó má dá títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bí ẹ bá sì fi ìrìn-àjò yín sí ìgbà Kérésìmesì, ọyẹ́ ni yóò pàdé yín, pẹ̀lú eruku rẹ̀ lọ́sàn-án àti òtútù rẹ̀ lóru. Ẹni tó bá ti Kánò gòkè wá ní láti mọ̀ pé inú ilé ni yóò ti lo púpọ̀ nínú ìsinmi rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kan àwọn ìdílé tó ń sin ajá tàbí ológbò tí wọn kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀ fún mègádì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ajá tó ti mọ́ àwọn ọmọ lára kì í jẹun dáadáa bí wọ́n bá lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mú un dání, tí òjò sì há yín mọ́ yàrá méjì nílé onílé, wàhálà lè dé. Ajá tí kò níṣẹ́ ṣe a máa jẹ bàtà, a máa gbó sí àlejò, a sì máa wá ọ̀nà àti sá jáde. Ọmọ tí kò níṣẹ́ ṣe nínú yàrá kan náà a máa bá àbúrò rẹ̀ jà. Ohun tí a fẹ́ fi yé yín ni pé wàhálà méjèèjì yìí, oògùn kan náà ló ní: ẹ fún ọmọ àti ajá níṣẹ́ pọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí èdè Yorùbá jẹ́ èdè iṣẹ́ náà. Bí ẹ bá ṣe é bẹ́ẹ̀, òjò Jos yóò di olùkọ́ fún yín.

KÍ Ẹ TÓ GBÉRA

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ń lọ bá bóyá ó fẹ́ ajá nínú ilé rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ilé àlejò ni ẹ fẹ́ sùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n fèsì lórí ìwé, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ fún yín lẹ́nu ọ̀nà pé àwọn kò gba ẹran. Púpọ̀ nínú àwọn ará wa jẹ́ mùsùlùmí, ẹni tó ń kírun kò sì ní fẹ́ kí ajá fi imú kan ẹní ìkírun òun. Ẹ bọ̀wọ̀ fún onílé. Ẹ béèrè yàrá tí ajá kò gbọ́dọ̀ dé, kí ẹ sì fi ìlànà náà lé àwọn ọmọ lọ́wọ́ kí ẹ tó wọlé. Nígbà kan náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ará ilé bí ọ̀nà ti rí àti bí àdúgbò ti wà, nítorí ẹni tó wà nílé ló mọ ibi tí ilé ń jò sí.

Ohun kejì ni abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Ajá gbọ́dọ̀ gba ti àkọ́kọ́ nígbà tó bá pé oṣù mẹ́ta, kí ó sì máa gbà á lọ́dọọdún lẹ́yìn náà. Bí ajá yín kò bá tíì gbà á rí, ẹ jẹ́ kí ó gbà á ní oṣù kan ó kéré tán kí ẹ tó rìnrìn-àjò, nítorí oògùn náà kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ mú káàdì rẹ̀ dání. Ó yẹ kí ará Jos mọ ọ̀rọ̀ yìí ju ẹlòmíràn lọ, nítorí Vom tó wà lẹ́yìn ìlú níbẹ̀ ni ilé ìwádìí àrùn ẹran ti orílẹ̀-èdè wa wà láti ọdún 1924, ibẹ̀ ni a sì ti ń ṣe abẹ́rẹ́ náà. Àrùn dìgbòlugi kò ní ìwòsàn mọ́ bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn. Nítorí náà, bí ajá èyíkéyìí bá bu ọmọ jẹ, kì í ṣe epo pupa tàbí epo ọkọ̀ la ń fi sí i. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Nínú ẹrù ajá, ẹ fi àwo oúnjẹ rẹ̀, okùn ọrùn rẹ̀, aṣọ tó ń sùn lé lórí, àti aṣọ àkísà méjì tí ẹ óò fi nù ún gbẹ. Ẹ má ṣe fọ aṣọ ìsùn rẹ̀ kí ẹ tó lọ. Òórùn ilé tó wà lára rẹ̀ ni yóò jẹ́ kí ajá gbà pé ibi tuntun náà kì í ṣe oko ẹrú.

ỌJỌ́ ÀKỌ́KỌ́

Bí ẹ bá ti dé, ẹ má ṣe tú ajá sílẹ̀ kí ó máa sáré kiri ilé onílé. Ẹ wá igun kan fún un, níbi tí ènìyàn kì í sábà gbà kọjá, kí ẹ tẹ́ aṣọ rẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ sì gbé omi sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi okùn mú un yí inú ilé ká, yàrá kan lẹ́yìn òmíràn, kí imú rẹ̀ lè mọ ibẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé igun náà jẹ́ ilé ajá. Bí ó bá wà níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Bí ó bá ń jẹun tàbí tó ń sùn, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ajá ilé bù jẹ, ibi tí wọ́n ti ń yọ ọ́ lẹ́nu lójú oorun tàbí lẹ́nu oúnjẹ ni.

Àrá Jos a máa sán gan-an. Bí ajá bá ń gbọ̀n, tó sì wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ má ṣe fà á jáde, ẹ má sì ṣe nà án. Ẹ fa kọ́tìnì bo fèrèsé, kí ẹ tan rédíò díẹ̀, kí ẹ sì jókòó tì í. Bí àrá bá kọjá, yóò jáde fúnra rẹ̀.

ERÉ IMÚ

Ohun tí ìwé jẹ́ fún ènìyàn ni òórùn jẹ́ fún ajá. Imú rẹ̀ ló fi ń ka ayé. Ajá tó fi imú ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 a máa rẹ̀ bí ẹni pé ó sáré lọ sí ọjà. Nítorí èyí, eré tó dára jù nínú yàrá kékeré ni eré wíwá nǹkan, kò sì ní yín ní ohun púpọ̀ láti rà.

Èkíní: ẹ gbé agolo mílíìkì mẹ́ta tó ṣófo kalẹ̀, tí etí wọn kò lè ya ènìyàn lọ́wọ́. Kí ọmọ kan fi èérún ẹja gbígbẹ sí abẹ́ ọ̀kan, kí ó sì máa yí wọn po lórí ilẹ̀. Kí ajá fi imú mú èyí tó tọ́. Bí ó bá mú un, kí ó jẹ ẹ̀bùn rẹ̀. Kí ọmọ kejì máa ka iye ìgbà tó gbà á àti iye ìgbà tó ṣì í, kí ó máa kà á ní Yorùbá: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, títí dé ogún. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní òkè Ọya ni kò lè kà kọjá ẹ̀wá láìyà sí Gẹ̀ẹ́sì tàbí Haúsá.

Èkejì: ẹ mú aṣọ ìnura àtijọ́, ẹ wọ́n oúnjẹ gbígbẹ díẹ̀ sí i, kí ẹ ká a bí ẹní. Ajá yóò fi imú àti ẹsẹ̀ tú u. Bí ó bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ so kókó kan sí i lárin.

Ẹ̀kẹta ni eré ìfarapamọ́. Kí ẹnì kan di ajá mú, kí ọmọ kan lọ sá pamọ́ sẹ́yìn ìlẹ̀kùn, kí ó sì pe ajá lórúkọ lẹ́ẹ̀kan péré. Bí ajá bá rí i, ẹ yìn ín gidigidi. Eré yìí kì í ṣe eré lásán. Ọmọ tí ajá ti wá rí lẹ́yìn ìlẹ̀kùn lónìí, ajá náà yóò wá a rí lọ́jọ́ mìíràn bí ó bá ṣìnà.

Bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bá wà, ẹ lè ju bọ́ọ̀lù àkísà fún un kí ó máa gbé e wá. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá jẹ́ táìsì tó ń yọ̀, ẹ tẹ́ ẹní sí i kí ajá má baà fi oríkèé ṣèṣe. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó. Ẹ má ṣe jẹ́ kí eré yìí dé ìgbà tí onílé ń sinmi ọ̀sán.

Ẹ má sì gbàgbé pé ajá àgbà a máa sùn tó wákàtí 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọ̀sán àti òru. Eré méjì tàbí mẹ́ta lóòjọ́ tó o. Ẹ jẹ́ kí ó sùn.

Ẹ̀KỌ́ NÍ ÈDÈ BABA WA

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn òbí púpọ̀ ń ráhùn pé àwọn ọmọ gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ sọ ọ́. Bí bàbá bá sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ fi ń dáhùn. Bí a bá bá wọn wí, wọ́n á dákẹ́. Ṣùgbọ́n ojú kì í ti ọmọdé níwájú ajá. Ajá kì í fi ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ohùn rẹ̀ kò gún. Kò sì sí ajá tí a bí pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ tí a bá fi kọ́ ọ ni yóò mọ̀.

Ẹ yan ọ̀rọ̀ márùn-ún: jókòó, dúró, máa bọ̀, fi sílẹ̀, lọ sùn. Kí gbogbo ilé fẹnu kò lórí wọn. Bí ìyá bá ń sọ pé "jókòó," tí ẹ̀gbọ́n ń sọ ti Gẹ̀ẹ́sì, tí àbúrò sì ń sọ ti Haúsá, ajá yóò dàrú, yóò sì dàbí ẹni pé ó gọ̀. Ẹ mú ọ̀rọ̀ kan lóòjọ́. Láti kọ́ ọ ní "jókòó," ẹ gbé èérún ẹran sókè orí rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ fà á lọ sẹ́yìn. Bí orí rẹ̀ bá ti ń tẹ̀ lé e, ìdí rẹ̀ yóò kan ilẹ̀. Ìgbà náà ni kí ẹ sọ ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ sì fún un ní ẹran. Ìṣẹ́jú márùn-ún láàárọ̀ àti márùn-ún nírọ̀lẹ́ tó. Ẹ má ṣe lù ú. Ajá tí a ń lù kò ní mọ̀ ju ẹ̀rù lọ.

Àǹfààní rẹ̀ fún ọmọ ni pé ó gbọ́dọ̀ pe ọ̀rọ̀ náà bákan náà nígbà gbogbo, pẹ̀lú ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá pè é lónìí bí ọmọ Yorùbá, tó pè é lọ́la bí àlejò, ajá kò ní tètè mọ̀ ọ́n. Ẹ ó rí i pé ọmọ fúnra rẹ̀ yóò wá bi yín léèrè pé, "Màmá, báwo la ṣe ń pè é?" Ìbéèrè yẹn ni a ti ń wá látọjọ́ yìí.

Ẹ tún bi wọ́n léèrè orúkọ tí ajá ń jẹ́. Àwọn bàbá wa kì í sọ ajá lórúkọ lásán. Wọ́n a máa fi orúkọ ajá pa òwe, láti fi bá aládùúgbò wí tàbí láti fi tu ara wọn nínú. Tanímọ̀la jẹ́ ọ̀kan nínú irú wọn. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá orúkọ Yorùbá kan fún ajá, kí ó sì ṣàlàyé ìtumọ̀ rẹ̀ fún gbogbo ilé. Ẹni tó bá ṣàlàyé dáadáa ni yóò fún ajá ní oúnjẹ alẹ́.

Ẹ̀kọ́ tó ṣe pàtàkì jù nínú márààrún ni "máa bọ̀." Àwọn àgbà ní, ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ní àgbègbè Jos àti yíká rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jẹ ẹran ajá, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará wa kan ní Oǹdó ti ń jẹ ẹ́ nígbà ọdún Ògún. A kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí oúnjẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ajá àlejò tó sá jáde sí títì nínú òjò, tí kò sì dáhùn sí orúkọ rẹ̀, lè má padà wálé mọ́. Ẹ máa ti géètì.

ÀLỌ́ LÁLẸ́, ÌTỌ́JÚ LÁÀÁRỌ̀

Bí ilẹ̀ bá ṣú tí iná mànàmáná sì lọ, ẹ má ṣe kánjú tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà tàbí ẹni tó dàgbà jù nílé pa àlọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àlọ́ Ìjàpá àti Ajá, bí àwọn méjèèjì ti jọ lọ jí iṣu lóko olóko, tí Ajá mú ìwọ̀nba tirẹ̀ tó sì sá lọ, tí Ìjàpá ọ̀kánjúwà di ẹrù tí kò lè rù. Ajá yín yóò sùn lẹ́sẹ̀ àwọn ọmọ, wọ́n ó sì máa wò ó bí ẹni tí àlọ́ ń bá wí. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, kí ọmọ kan tún àlọ́ náà pa fún ajá, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìyà sí èdè mìíràn.

Láàárọ̀, kí àwọn ọmọ fi búrọ́ọ̀ṣì ya irun ajá, kí wọ́n sì yẹ eegbọn wò ní etí rẹ̀, ní abẹ́ apá rẹ̀ àti láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí koríko òkè nígbà òjò kò ṣàìní in. Bí ó bá ti òde wọlé, ẹ nù ún gbẹ kí ó tó dùbúlẹ̀. Iṣẹ́ yìí ń kọ́ ọmọ ní sùúrù, ó sì ń jẹ́ kí ajá gbà kí dókítà ẹran fọwọ́ kàn án láìbínú.

Ẹ̀yin olólógbò, tiyín kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ológbò sínú yàrá kan ṣoṣo fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó jáde sí àwọn yàrá yòókù. Páálí òfìfo tí ẹ gé ihò méjì sí ti tó o fún ilé. Okùn tí ẹ so ìyẹ́ adìyẹ mọ́ yóò jẹ́ kí ó fò títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Bí eré bá ti parí, ẹ kó okùn náà kúrò nílẹ̀, nítorí ológbò lè gbé e mì.

INÁ ÈÉDÚ ÀTI OÚNJẸ

A bẹ̀ yín, ẹ fetí sí èyí. Bí òtútù Jos bá mú, ọkàn ènìyàn a máa fà sí gbígbé àdògán èédú wọ yàrá, kí ó sì ti ìlẹ̀kùn àti fèrèsé pa. Ẹ má ṣe é láé. Èédú tó ń jó a máa tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Ènìyàn àti ẹran a máa sùn lọ nínú rẹ̀ láìjí mọ́. Jẹnẹrétọ̀ tí a gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀bá fèrèsé lè ṣe bákan náà. Kúbùsù, súwẹ́tà àti ajá tó dùbúlẹ̀ ti ẹsẹ̀ ọmọ tó láti mú ara móoru. Bí orí bá ń fọ́ gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan náà, tí ajá sì ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹ kó gbogbo ènìyàn jáde síta lójú ẹsẹ̀, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀.

Nínú oúnjẹ, ẹ má ṣe fún ajá ní àlùbọ́sà, aáyù, ṣokoléètì, tàbí egungun adìyẹ sísè tó máa ń fọ́ ṣóńṣó. Jos kún fún ànàmọ́ òyìnbó. Èyí tí a sè dára fún un níwọ̀nba, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ó jẹ èyí tó ti hù tàbí tó ti di àwọ̀ ewé. Kí ẹ tó tú ẹrù, ẹ bi onílé bóyá ó fi oògùn eku sí ibì kan.

NÍGBÀ TÍ ÒJÒ BÁ DÁ

Òjò kì í rọ̀ títí kó má dá. Bí ó bá dá, ẹ fi okùn mú ajá jáde, kí ó rìn, kí ó ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, kí àwọn ọmọ sì kó o dànù. Bí ẹ bá fẹ́ lọ wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jos tí a ṣí ní 1952, níbi tí àwọn ère amọ̀ Nok wà, ẹ má ṣe mú ajá dání. Ẹ pín ara yín sí méjì, kí apá kan lọ láàárọ̀, kí apá kejì lọ lọ́sàn-án. Bí kò bá sí ẹni tí yóò dúró tì í, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ ju wákàtí mẹ́ta lọ nínú ilé àjèjì.

Bí ẹ bá fẹ́ padà, kí àwọn ọmọ gbá ilé onílé, kí wọ́n gbọn irun ajá kúrò lórí àga, kí wọ́n sì dúpẹ́ ní Yorùbá lórí ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀. Onílé tó bá rí bẹ́ẹ̀ yóò tún pè yín lọ́dún tó ń bọ̀, yóò sì sọ pé kí ẹ mú ajá yín wá.

Ẹ̀yin ìdílé tó bá kọ́ ajá ní ọ̀rọ̀ márààrún yìí nígbà ìsinmi, ẹ kọ̀wé sí Olóòtú, kí ẹ sọ èyí tó le jù àti orúkọ tí àwọn ọmọ yàn. A óò fi í sí ojú ewé ìròyìn àwọn ìdílé. A ó lọ ire, a ó bọ̀ ire o. Àjò kò ní dùn kí onílé má relé.